Méjìlá Tí Kò Ṣeé Yẹ̀ Sílẹ̀

Ìlú The Woodlands, tí ó wà ní nǹkan bí 30 máìlì sí àríwá àárín Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, jẹ́ ìlú tí a tẹ̀ dó sáàárín igbó igi páìnì ní 1974, ẹni tí ó sì tẹ̀ ẹ́ dó, George Mitchell, jẹ́ ọmọ darandaran ará Gíríìsì kan tí ó fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀ tí ó wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tọ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ Gíríìsì, nítorí pé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n fi ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn gbé ìmọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kalẹ̀ sínú ìwé. Ó sì jẹ́ pé ní Houston yìí kan náà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ti ń ra iṣu, tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ, tí àwọn ọmọ wọn sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, ni ìmọ̀ náà ti tún so èso kan tí ó ya gbogbo àgbáyé lẹ́nu. Ìmọ̀ nípa àwọn ohun olójú púpọ̀ ni.

Ohunkóhun tí ó ní inú àti òde, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ojú pẹrẹsẹ tí etí wọn gún régé, tí kò sì sí àlàfo kankan níbi tí ojú kan ti lẹ̀ mọ́ òmíràn, ohun olójú púpọ̀ ni. Páálí tí a fi kó bàtà wá láti ọjà jẹ́ ọ̀kan, dáìsì tí a fi ń ta lúdò sì jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú. Ibi tí ojú méjì ti pàdé ni èmi yóò máa pè ní etí, ibi tí àwọn etí ti pàdé ni èmi yóò sì máa pè ní ṣóńṣó. Ẹni tí ó bá mú dáìsì lọ́wọ́ yóò ka ojú 6, etí 12 àti ṣóńṣó 8. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀ ju èyí lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ọmọ tí ó ti ka ìwé mẹ́wàá tí a kò tíì fi ọ̀kan nínú àwọn ohun wọ̀nyí lé lọ́wọ́ rí kí ó yí i padà, kí ó wo ìdí rẹ̀, kí ó fi ìka kà á.

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, Harold Kroto, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Yunifásítì Rice ní Houston. Ohun tí ó gbé e wá kì í ṣe ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ìràwọ̀ ni. Ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí kábọ́ọ̀nù, èròjà tí ó wà nínú èédú àti nínú dúdú tí iná igi ń fi sí ìdí ìkòkò, nígbà tí àwọn ìràwọ̀ tí ó ti gbó bá ń tú u jáde sínú òfuurufú. Richard Smalley, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Rice, ní ẹ̀rọ kan tí ó lè fi ìtànṣán léésà gbá ohun líle títí yóò fi di ooru lójú ẹsẹ̀, tí afẹ́fẹ́ híílíọ́ọ̀mù yóò sì gbá ooru náà lọ, tí yóò fi tutù, tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò fi so mọ́ ara wọn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Robert Curl, ọmọ Texas pọ́ńbélé tí a bí ní ìlú Alice, ni ó mú Kroto mọ Smalley. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ James Heath àti Sean O'Brien sì wà lára àwọn tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ náà tọ̀sán-tòru. Gráfáìtì ni wọ́n gbé síwájú léésà náà, irú èyí tí ó wà láàárín pẹ́ńsù tí ọmọ fi ń kọ̀wé.

Nígbà tí wọ́n ṣà àwọn ọ̀wọ́ náà ní ìwúwo-ní-ìwúwo, wọ́n rí i pé ọ̀wọ́ kan ń yọrí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ọ̀wọ́ tí ó ní átọ́ọ̀mù 60 ni. Bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe sí i ni 60 ń borí sí i, tí 70 sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àbúrò ti ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ di àdììtú. Kábọ́ọ̀nù kì í fẹ́ dá wà: bí ọ̀wọ́ kan bá ní bèbè, àwọn átọ́ọ̀mù tí ó wà létí bèbè náà yóò ṣí ọwọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì máa wá ohun tí wọn yóò dì mú, ọ̀wọ́ náà kò sì ní pẹ́ yí padà. A jẹ́ pé ọ̀wọ́ tí ó bá dúró gbọn-in bí ẹni tí kò wá nǹkan kan lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní bèbè rárá, èyí tí ó ti pa ara rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n báwo ni átọ́ọ̀mù tí ó jẹ́ pé nínú gráfáìtì, onígun mẹ́fà pẹrẹsẹ ni ó ń tò sí, ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí afárá oyin, yóò ṣe ká ara rẹ̀ kò tí yóò fi di ohun tí ó ní inú àti òde?

Ní òru ọjọ́ kan, Smalley jókòó sí ilé rẹ̀ láti já àdììtú náà. Ó kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà gbìyànjú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò fún un ní èsì. Ó wá ti kọ̀ǹpútà tì, ó mú tákàdá, àlùmọ́gàjí àti téèpù. Onígun mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ gé, púpọ̀ nínú wọn, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó fẹ́ fi tipátipá ká wọn kò, wọn kò gbà. Àfi kí ó rẹ́ bébà jẹ. Nígbà náà ni ó rántí ohun tí Kroto sọ fún wọn: pé nígbà kan rí òun fi páálí ṣe bọ́ọ̀lù kan fún àwọn ọmọ òun tí a ya ìràwọ̀ ojú ọ̀run sí lára, àti pé bí òun bá rántí dáadáa, onígun márùn-ún wà lára rẹ̀ pẹ̀lú onígun mẹ́fà. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Smalley gé onígun márùn-ún kan, ó fi onígun mẹ́fà márùn-ún yí i ká, bébà náà sì tẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ipá, ó di àwo. Ó fi òmíràn kún un, àwo di ìdajì igbá. Ó tún fi kún un, igbá ń pa ẹnu dé, títí ṣóńṣó ìkẹyìn fi jókòó sí ààyè rẹ̀. Nígbà tí ó kà wọ́n, onígun márùn-ún jẹ́ 12, onígun mẹ́fà jẹ́ 20, àwọn ṣóńṣó, níbi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan yóò gbé wà, sì jẹ́ 60 géérégé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó gbé e lọ sí yunifásítì, wọ́n sì fi tẹlifóònù béèrè lọ́wọ́ William Veech, olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ní Rice, bí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá ní orúkọ. Èsì tí ó padà wá sọ́dọ̀ wọn ni pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní tòótọ́: bọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí gbogbo ayé mọ̀ láti ìgbà ìdíje Ife Àgbáyé ti 1970 ní Mẹ́síkò ni ohun tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ wọ̀nyí wá. Wọ́n fi orúkọ Buckminster Fuller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó sọ ilé olórùlé róbótó di iṣẹ́ ọnà, sọ ohun titun náà, ìwé ìròyìn Nature sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 14 oṣù kọkànlá 1985. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọ Japan kan, Eiji Osawa, ti fi ìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1970 pé irú kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lè wà, ó sì kọ ọ́ ní èdè abínibí rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á. Ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń sọ ìtàn yìí.

Ọdún márùn-ún ni ó gbà kí a tó fi ojú lásán rí ohun náà, nígbà tí Wolfgang Krätschmer ní Jámánì àti Donald Huffman ní Arizona fi iná mànàmáná jó ọ̀pá gráfáìtì nínú híílíọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì fi omi oògùn fọ dúdú tí ó jáde láti inú rẹ̀ títí omi náà fi pọ́n. Ní 1996 ni Curl, Kroto àti Smalley gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì. Ní ọdún yẹn kan náà, ní 3 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà na Argentina ní góòlù mẹ́ta sí méjì ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n sì gba wúrà Òlíḿpíìkì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì fi gba wúrà náà, ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni onígun márùn-ún 12 àti onígun mẹ́fà 20. Èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni so ìṣẹ́gun méjèèjì náà pọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn tèmi wọ́n kì í ya ara wọn.

Ní ti ìbéèrè tí Kroto gbé kọjá òkun, ìdáhùn rẹ̀ dé ní 2010, nígbà tí Jan Cami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò Spitzer tí ń bẹ lójú òfuurufú rí àmì ọ̀wọ́ 60 àti ọ̀wọ́ 70 nínú ìkùukùu tí ìràwọ̀ arúgbó kan tú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú èyí kì í ṣe àjèjì ní The Woodlands, nítorí ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa òṣùpá àti àwọn ayé tí ń yí oòrùn ká ti ń péjọ lọ́dọọdún ní oṣù kẹta láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí bébà Smalley. Kí ni ó dé tí onígun mẹ́fà nìkan kò fi lè pa ara wọn dé, kí sì ni ó dé tí ó fi jẹ́ 12 gan-an ni iye onígun márùn-ún, tí kì í ṣe 11, tí kì í ṣe 13? Ẹni tí yóò dá wa lóhùn ni Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, àgbà nínú àwọn oníṣirò, a-ka-nǹkan-bí-ẹni-mí-èémí, tí ó kọ lẹ́tà láti Berlin sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christian Goldbach pé òun ti rí òfin kan tí gbogbo ohun olójú púpọ̀ ń pa mọ́: bí a bá ro iye ojú pọ̀ mọ́ iye ṣóńṣó, tí a sì yọ iye etí kúrò, 2 ni yóò ṣẹ́kù. Ẹ fi dáìsì yẹn dán an wò: 6 àti 8 jẹ́ 14, ẹ yọ 12 kúrò, ó ku 2. Àwọn ohun tí ihò bá là já láti ẹ̀yìn dé iwájú, bí òrùka, wà lára àwọn tí òfin náà kò mú. Ọjọ́ tí ó kọ lẹ́tà náà ni 14 oṣù kọkànlá 1750, ìyẹn ni pé ọdún 235 pé lórí rẹ̀ ní ọjọ́ gan-an tí iṣẹ́ àwọn ará Houston jáde nínú ìwé.

Ẹ wá wo bí òfin náà ti ń ṣiṣẹ́ lára bọ́ọ̀lù wa, níbi tí ojú mẹ́ta ti ń pàdé ní ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, tí ojú méjì sì ń jọ ni etí kọ̀ọ̀kan. Onígun mẹ́fà ní igun mẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ni ṣóńṣó kan, nítorí náà ṣóńṣó méjì ni ó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní etí mẹ́fà, àwọn méjì ni wọ́n jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà etí mẹ́ta ni tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ojú kan. Ṣóńṣó méjì àti ojú kan jẹ́ mẹ́ta. A yọ etí mẹ́ta kúrò, òfo ni ó kù. Onígun mẹ́fà kò mú ohunkóhun wá sí ìdí ọ̀rọ̀! Bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún rẹ̀ tàbí ọ̀kẹ́ kan rẹ̀, òfo ni àpapọ̀ wọn yóò jẹ́, nígbà tí ó sì jẹ́ pé 2 ni òfin ń béèrè, wọn kò lè pa ara wọn dé láéláé. Bí a bá ṣe ìṣirò kan náà fún onígun márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ó ń mú wá. Mélòó nínú ìdá kan nínú mẹ́fà ni yóò di odidi méjì? Méjìlá ni. Kò sí kábọ́ọ̀nù, kò sí awọ, kò sí bébà tí ó lè bá òfin yìí ṣe àdéhùn pé kí ó gba mọ́kànlá lọ́wọ́ òun. Ọ̀wọ́ 70, àbúrò ọ̀wọ́ 60, ní onígun mẹ́fà 25 lára, ṣùgbọ́n onígun márùn-ún rẹ̀ kò yàtọ̀ sí 12. Èyí tí ó kéré jù lọ, tí ó ní ṣóńṣó 20 péré, kò ní onígun mẹ́fà kankan, onígun márùn-ún 12 nìkan ni gbogbo ara rẹ̀.

René Descartes, ọmọ Faransé, ti rí ọ̀nà mìíràn gbà dé ibi kan náà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà tí Leibniz fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1676 ni a fi mọ̀ ọ́n. Bí a bá ro gbogbo igun tí ó yí ṣóńṣó kan ká pọ̀, wọn kì í pé ìwọ̀n 360 tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ máa ń ní. Iye tí ó dín ni ó ń mú kí ara ohun náà tẹ̀. Descartes rí i pé bí a bá kó gbogbo ohun tí ó dín ní gbogbo ṣóńṣó jọ, 720 ni yóò máa jẹ́, ìbáà jẹ́ dáìsì, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù. Lára bọ́ọ̀lù Houston, onígun márùn-ún mú 108 wá sí ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, onígun mẹ́fà méjì mú 120 àti 120 wá, àpapọ̀ wọn jẹ́ 348. Ìwọ̀n 12 ni ó dín, ọ̀nà 60 ni ó sì dín, ìyẹn ni 720. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìwúwo átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan jẹ́ 12, àwọn 60 ni wọ́n sì wà nínú ọ̀wọ́ náà, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ̀rọ Smalley ń fi hàn wọ́n lójoojúmọ́ nígbà tí wọn kò tíì mọ ohun tí ó dúró níwájú wọn ni 720. Mo mọ̀ pé ìbápàdé lásán ni, nítorí pé kò sí ohun tí ó kan ìwúwo nínú ọ̀rọ̀ igun. Síbẹ̀ èmi kì í lè ka nọ́ńbà méjèèjì náà tán kí n má dúró díẹ̀.

Ibo ni bọ́ọ̀lù yìí ti ṣẹ̀? Àwọn ará Gíríìsì mọ̀ pé nínú gbogbo ohun olójú púpọ̀ tí kò ní kòtò lára, márùn-ún péré ni ojú wọn jẹ́ bákan náà, tí ṣóńṣó wọn sì jẹ́ bákan náà: olójú mẹ́rin, olójú mẹ́fà tí í ṣe ìrísí dáìsì, olójú mẹ́jọ, olójú méjìlá tí ojú rẹ̀ jẹ́ onígun márùn-ún, àti olójú ogún, a-fi-onígun-mẹ́ta-bora, a-gbé-ṣóńṣó-méjìlá-dúró. Plato sọ̀rọ̀ wọn, Euclid sì fi wọ́n parí ìwé ńlá rẹ̀. Archimedes wá mú irú wọn 13 mìíràn jáde, tí ojú wọn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn ni a sì máa ń rí bí a bá mú olójú ogún, tí a gé orí gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ 12 dànù ní ìdá kan nínú mẹ́ta etí: níbi ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan onígun márùn-ún yóò yọ, àwọn onígun mẹ́ta 20 yóò sì di onígun mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù wa nìyẹn. Leonardo da Vinci yà á fún ìwé tí Luca Pacioli tẹ̀ jáde ní 1509.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ti ìkejì, nítorí pé ibẹ̀ ni adùn ìmọ̀ yìí gbé wà jù lọ lójú tèmi. Gbogbo ohun olójú púpọ̀ ni ó ní ìkejì. Ẹ fi àmì kan sí àárín ojú kọ̀ọ̀kan. Níbikíbi tí ojú méjì bá ti jọ ni etí kan, ẹ fa ìlà láti àmì ti ọ̀kan dé àmì ti èkejì. Ohun tuntun yóò yọ nínú ti àtijọ́, tí ó jẹ́ pé iye ojú ti ẹni ìṣáájú ni iye ṣóńṣó tirẹ̀, iye ṣóńṣó ti ẹni ìṣáájú ni iye ojú tirẹ̀, tí iye etí wọn kò sì yàtọ̀. Dáìsì olójú mẹ́fà bá olójú mẹ́jọ mu báyìí, olójú méjìlá bá olójú ogún mu, nínú àwọn márùn-ún náà, olójú mẹ́rin nìkan ni ó jẹ́ ìkejì ara rẹ̀. Bí a bá sì tún wá ìkejì fún ìkejì, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò padà wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí ó bá ṣòro láti kà lára ọ̀kan, a ó kà á lára èkejì, ìdáhùn kan náà ni a ó sì rí.

Kí wá ni ìkejì bọ́ọ̀lù Houston? Bọ́ọ̀lù náà ní ojú 32, ṣóńṣó 60, etí 90. Nítorí náà ìkejì rẹ̀ ní ojú 60, gbogbo wọn onígun mẹ́ta, ó ní ṣóńṣó 32, etí rẹ̀ sì jẹ́ 90. Níbi ṣóńṣó 12 nínú wọn, onígun mẹ́ta márùn-ún ni ó ń pàdé. Níbi 20 yòókù, mẹ́fà ni. Èyí gan-an ni ìlànà tí Buckminster Fuller fi ń kọ́ àwọn ilé olórùlé róbótó rẹ̀, irú èyí tí ó kọ́ fún Amẹ́ríkà síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal ní 1967, tí Kroto sì lọ wò: irin tí a so ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta, tí mẹ́fà ń pàdé níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ márùn-ún níbi mélòó kan kí ilé tó lè tẹ̀. Àwọn kan ti sọ pé kò yẹ kí a fi orúkọ ayàwòrán-ilé sọ ohun tí kì í ṣe ilé. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìkejì ni ilé Fuller àti kábọ́ọ̀nù Houston jẹ́ fún ara wọn, ohun tí ọ̀kan fi ojú ṣe ni èkejì fi ṣóńṣó ṣe, orúkọ náà sì bá a mu ju bí àwọn tí wọ́n sọ ọ́ ti lè rò ní òru tí wọ́n sọ ọ́.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń kọ́lé báyìí. Ní 1962 Donald Caspar àti Aaron Klug ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì, tí kò ní àyè láti kó ìmọ̀ púpọ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀, ń fi ẹyọ èròjà kan náà tò lọ títí, ní ìbámu pẹ̀lú olójú ogún, ó sì ń fi márùn-ún-márùn-ún sí ibi méjìlá kí ilé rẹ̀ lè pa ẹnu dé. Fáírọ́ọ̀sì àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ó ti ba ayé ọmọ púpọ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ wa kí a tó kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé oríṣi rẹ̀ ti àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Òfin Euler kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni ibi.

Ó ku ìsọdìràwọ̀. Ẹ mú ohun olójú púpọ̀ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbòòrò lọ, láìtẹ̀, kọjá etí tí ó dá a dúró, títí yóò fi tún pàdé àwọn ojú mìíràn ní òde. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ṣóńṣó tuntun yóò ti yọ, ohun náà yóò sì di ìràwọ̀. Dáìsì kò lè di ìràwọ̀, nítorí pé bí ojú rẹ̀ ti wù kí ó gbòòrò tó, àwọn tí ó kọjú sí ara wọn kò ní pàdé láé. Olójú mẹ́rin náà kò lè di ìràwọ̀. Olójú mẹ́jọ ní ẹyọ kan, tí ó dà bí olójú mẹ́rin méjì tí wọ́n gba inú ara wọn kọjá. Olójú méjìlá ní mẹ́ta. Ní ti olójú ogún, ojú rẹ̀ ń ré ara wọn kọjá lọ́nà tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di 1938 kí oníṣirò Coxeter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tó kà wọ́n tán nínú ìwé kan: 59 ni wọ́n, bí a bá ka olójú ogún fúnra rẹ̀ mọ́ wọn.

Johannes Kepler, ọmọ Jámánì, ẹni tí ó fi ọ̀nà tí àwọn ayé ń gbà yí oòrùn ká han aráyé, ni ó ṣàlàyé méjì nínú àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí ní 1619, ọ̀kan tí ó ní ṣóńṣó 12 àti ọ̀kan tí ó ní 20. Kì í ṣe pé ojú kò tíì kan irú rẹ̀ rí, nítorí pé oníṣẹ́ ọnà òkúta wẹ́wẹ́ kan ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ilé ìsìn Saint Mark ní Venice ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méjì ọdún ṣáájú, iṣẹ́ tí a ń kà sí ti Paolo Uccello. Ṣùgbọ́n Kepler ni ó fi òye sọ ohun tí ó jẹ́. Ìkejì wọn ńkọ́? Ọdún 190 ni ìràwọ̀ Kepler méjèèjì fi dúró láìní ẹni tí ó mọ ìkejì wọn, títí Louis Poinsot ọmọ Faransé fi mú méjì mìíràn jáde ní 1809, tí ó sì hàn pé ìkejì ọ̀kan nínú ti Kepler ni ọ̀kan nínú wọn, ìkejì èkejì sì ni èkejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni oníṣirò Cauchy fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ìkarùn-ún.

Ìràwọ̀ Kepler olóríṣóńṣó 12 dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà. Bí a bá ka ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kepler ti kà á, ìyẹn ni pé kí onígun ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú kan, ojú rẹ̀ jẹ́ 12, ṣóńṣó 12, etí 30, èyí tí ó ṣẹ́kù sì di 6 ní ìsàlẹ̀ òfo dípò 2. Ludwig Schläfli, oníṣirò ńlá, kọ̀ ọ́ jálẹ̀ nítorí èyí, ó ní kì í ṣe ọmọ ilé. Èmi gbà pé ó ṣì í, nítorí pé òfin Euler kò sọ pé ohun tí ojú rẹ̀ ń gba inú ara wọn kọjá kò gbọdọ̀ wà. Ó kàn ń sọ fún wa pé irú kíkà mìíràn ni ó yẹ kí a kà á.

Ẹ jẹ́ kí a kà á ní ọ̀nà tí àlùmọ́gàjí ń gbà kà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi bébà ṣe ìràwọ̀ náà, kí ó kọ́kọ́ fi onígun márùn-ún 12 ṣe olójú méjìlá. Kí ó wá gé onígun mẹ́ta 60, tí igun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n 36, tí igun ìdí rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ 72 àti 72, kí ìdí rẹ̀ gùn tó etí olójú méjìlá náà. Kí ó lẹ̀ wọ́n ní márùn-ún-márùn-ún di ṣóńṣó mímú, kí ó sì fi ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan bo ojú kan. Bí ó bá parí, kí ó ka ohun tí ojú ń rí lóde: onígun mẹ́ta 60, etí 90, ṣóńṣó 32, nínú èyí tí 12 yọ síta, tí 20 sì wà nínú kòtò. 60 àti 32 jẹ́ 92, a yọ 90, ó ku 2, Euler sì ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà náà kì í ṣe àlejò sí wa. Àwọn ni nọ́ńbà ìkejì bọ́ọ̀lù Houston, márùn-ún ń pàdé níbi 12, mẹ́fà ń pàdé níbi 20, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní aládùúgbò kan náà tí ó ní níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ìkejì bọ́ọ̀lù náà, tí ó sì fa àwọn ṣóńṣó 12 tí márùn-ún ti ń pàdé jáde díẹ̀díẹ̀ láìjá etí kankan, ìràwọ̀ tí Kepler ṣàlàyé ní 1619 ni yóò bá ní ọwọ́ rẹ̀.